Ohun Tó Wà Lára Gbòǹgbò Sóyà

Mo máa ń rọ àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin sóyà pé, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná, kí wọ́n fi ọkọ́ wú igi bíi mélòó kan tìṣọ́ratìṣọ́ra, kí wọ́n gbọn yẹ̀pẹ̀ ara gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì la àwọn kókó kéékèèké tó wà lára rẹ̀ wò. Bí inú wọn bá pọ́n bí ẹran tútù, iṣẹ́ ń lọ; bí ó bá funfun tàbí tó ti di àwọ̀ ewé, oúnjẹ kankan kò ti ibẹ̀ wá.

Inú kókó yìí ni bakitéríà tí wọ́n ń pè ní raisóbíọ̀mù ń gbé. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ jẹ́ náítírójìn, ṣùgbọ́n irúgbìn kò lè lò ó bó ṣe wà. Bakitéríà yìí ló ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún un, irúgbìn náà sì ń fún un ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ ṣe. Ọdún 1888 ni Martinus Beijerinck, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, yọ ọ́ sọ́tọ̀ láti inú kókó gbòǹgbò.

Ẹ̀wà tiwa kò ní wàhálà púpọ̀, nítorí irú bakitéríà tó bá a mu pọ̀ nínú ilẹ̀ wa. Sóyà, tó ti Ìlà-oòrùn Éṣíà wá, ló máa ń ṣa èyí tí yóò bá gbé. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn fi mú irú sóyà TGx jáde, èyí tó lè lo bakitéríà ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì tún ṣe NoduMax, ẹ̀bu tí bakitéríà náà wà nínú rẹ̀ láàyè, tí a ń fi ra irúgbìn lára kí a tó gbìn ín.

Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rí irú ẹ̀bu bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ nínú oòrùn ọ̀sán, nítorí ohun abẹ̀mí ni, ooru sì ń pa á. Ibi tútù ló yẹ kó wà. Abẹ́ ìbòòji ni kí a ti fi omi ṣúgà tàbí oje igi tó ń lẹ̀ pò ó mọ́ irúgbìn, kí a sì gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an sínú ilẹ̀ tó ní ọ̀rinrin.

Èmi kò fara mọ́ dída yùríà, ajílẹ̀ tó kún fún náítírójìn, sí oko sóyà lẹ́yìn èyí, nítorí bí náítírójìn bá ti pọ̀ nínú ilẹ̀, gbòǹgbò kì í yọ kókó tó bó ṣe yẹ mọ́. Ajílẹ̀ tó ní fọ́sífọ́rọ́sì ni kí àgbẹ̀ náwó lé, torí pé agbára ńlá ni bakitéríà náà ń lò, fọ́sífọ́rọ́sì ló sì ń jẹ́ kó rí agbára náà lò. Àgbàdo tí a bá sì gbìn tẹ̀ lé e lórí ilẹ̀ kan náà yóò jàǹfààní gbòǹgbò àti ewé tó jẹrà síbẹ̀, bí a kò bá dáná sun wọ́n.