Róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì: ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tó máa ṣubú sí

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wiáháòsì, tí róbọ́ọ̀tì tó ń rìn bí èèyàn ò bá tíì dé ọ̀dọ̀ yín, ó ń bọ̀. Tiwa ti dé. Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó gbé àpótí oníke sórí kọ́ńfẹ́yọ̀, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń yí gbé ẹrù lọ, kó padà lọ gbé òmíràn. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe o, ẹ má ní mò ń bínú ẹ̀rọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Àpótí kan há sẹ́nu kọ́ńfẹ́yọ̀, róbọ́ọ̀tì ṣì ń ti èyí tó gbé bọ̀ lù ú, ọmọ kan tá a jọ wà ní ṣíìfù bá sáré tẹ bọ́tìnnì pupa. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa náà nìyẹn. Ẹ̀rọ tó kù, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló máa dúró gbagidi. Èyí ò dúró. Orúnkún ẹ̀ yẹ̀, ó wó lulẹ̀ gbìì tẹrùtẹrù, apá ẹ̀ kan sì kọ́ irin ẹ̀gbẹ́ kọ́ńfẹ́yọ̀. Ọmọ yẹn ti fò sẹ́yìn, àmọ́ ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ gan-an ni orí róbọ́ọ̀tì balẹ̀ sí. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Máníjà wá dé, ó ní ta ló ní kó tẹ̀ ẹ́! Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Wọ́n gbé e dìde, wọ́n tún un ṣe, iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ẹ bi àwọn tó gbé e wá pé tí iná bá kúrò lára ẹ̀, ibo ló máa ṣubú sí? Mọ́tò inú oríkèé ẹ̀ ló ń dá a dúró, kò síná, kò sí ìdúró.

Ìkejì, ẹ ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Digit, róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí iléeṣẹ́ Agility Robotics ṣe, tó ń gbé bíi kílò 16, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olówó ní wiáháòsì iléeṣẹ́ GXO ní Georgia, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2024, àyè tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, kì í ṣe àárín èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀rù ló ń bà yín.

Ìkẹta, ẹ wọn gíga ẹ̀, torí ibi tí gíga ẹ̀ bá dé ló lè ṣubú dé, ẹ fi sàmì sílẹ̀ yí ibi tó ń rìn ká, kẹ́nikẹ́ni má dúró síbẹ̀ tí róbọ́ọ̀tì bá wà lórí ìdúró. Tiwa, a ti lẹ téèpù yẹ́lò. Máníjà ní ó ń ba ilẹ̀ jẹ́. Kó máa bà á jẹ́.