Láti Jọ́ọ̀sì dé Lọ́ńdọ̀nù: ọ̀rọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ẹ sáà mọ bí àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe pọ̀ tó lókè Ọya lọ́hùn-ún. Tí ọdún bá ti dé, Kérésì àbí Iléyá, mùsíọ́mù Jọ́ọ̀sì ni gbogbo ọmọdé àdúgbò wa máa ń gbà lọ, àmọ́ ká sòótọ́, kìnnìún la ń lọ wò, torí ọgbà ẹranko wà nínú ọgbà kan náà, àwọn orí tí àwọn ará Nok ayé àtijọ́ fi amọ̀ mọ, tó wà nínú gíláàsì yẹn, ńṣe la máa ń sáré kọjá lára wọn. Ọdún 1952 ni Bernard Fagg, òyìnbó awalẹ̀pìtàn kan, ṣí ibẹ̀, àwọn orí yẹn sì ti lé ní 2,000 ọdún, àwọn tó ń wa tíìnì ló ń hú wọn jáde nílẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí o: ọ̀kan nínú wọn, akọ̀wé kan níbi tí wọ́n ti ń wa tíìnì ló gbé e lọ sóko iṣu, ó gbé e kọ́ igi kó máa fi lé ẹyẹ, ó tó ọdún kan níbẹ̀ kó tó dé ọwọ́ Fagg! Gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Jọ́ọ̀sì, mi ò gbọ́ ìtàn yìí rí. Inú bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kà á lórí fóònù, ó sì dùn mí wọra lọ́jọ́ yẹn.

Ó di ọdún keje tí mo ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ìtàn ló ń wá èèyàn kiri níbẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nítòsí ibùdó reluwé tí wọ́n ń pè ní Bank, láràárọ̀ tí mo bá ń lọ sílé, iwájú ọ́fíìsì ńlá Bloomberg ni mò ń gbà kọjá, mi ò mọ̀ pé ilé òrìṣà àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ wà lábẹ́ ẹ̀. Mithras lorúkọ òrìṣà yẹn. Ọdún 1954 ni wọ́n rí ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, wọ́n kó o kúrò nígbà yẹn, wọ́n tún wá dá a padà sábẹ́ ilẹ̀, 2017 ni wọ́n ṣí i fáráyé, ọ̀fẹ́ sì ni, kó o sáà ti gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mú ọmọ mi ọkùnrin lọ, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, nǹkan bíi mítà 7, ibẹ̀ á ṣókùnkùn, ohun tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ ò ju ìpìlẹ̀ olókùúta lọ. Wọ́n á wá tú èéfín fúyẹ́fúyẹ́ sílẹ̀, iná á la inú ẹ̀ kọjá, òpó àti ògiri tí kò sí mọ́ á bá yọ sí yín lójú, ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àti ohùn àwọn tó ń ké ní èdè Látìn. Ọmọ mi dì mí láṣọ mú. Ó wá na ọwọ́ kan síbi tó rò pé ògiri wà, ọwọ́ ẹ̀ wọ inú èéfín lọ, ó ní, "Mọ́mì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Reluwé kékeré kan tún wà, ìyẹn tí wọ́n fi ń kó lẹ́tà lábẹ́ ilẹ̀ láti 1927 títí di 2003, ní báyìí èèyàn ló ń sanwó wọ̀ ọ́, á dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á máa fi fídíò hàn lára ògiri. Mùsíọ́mù ìlú náà fúnra ẹ̀, ọjà Smithfield àtijọ́ ni wọ́n ń kó o lọ. Ọjà o!

Ní Disẹ́ńbà a lọ sílé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Kubwa, ní Àbújá, la dé sí. A wọ reluwé dé Kàdúná, a wọ mọ́tò dé Kánò, torí mo fẹ́ kí ọmọ yìí rí Gidan Makama, mùsíọ́mù tó wà níbẹ̀. Ilé amọ̀ ni, láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ní ọba Muhammadu Rumfa ni wọ́n kọ́ ọ fún kó tó kó lọ sí ààfin tó wà nítòsí ẹ̀ yẹn. Oòrùn ń ta gan-an níta, bẹ́ ẹ ṣe wọlé báyìí, ara yín á tutù, ògiri yẹn nípọn. Ọmọ mi tún na ọwọ́, mi ò sọ fún un o, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, kò gbé e kúrò, ó ní, "Eléyìí wà níbẹ̀." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń fi iná àti èéfín wá, tiwa ṣì dúró lórí ìpìlẹ̀ ẹ̀.

Bàbá tó mú wa yípo béèrè ọmọ ẹni tá a jẹ́, ó ń sọ Hausa, mò ń túmọ̀ fọ́mọ. Kò sí íápíìsì kankan, ìyẹn tí wọ́n ń kì bọ etí gbọ́ ìtàn ní mùsíọ́mù, tó lè bi ẹ́ ní ọmọ ta ni ẹ́. Àmọ́ ọmọ mi ní kí bàbá tún ìtàn tó sọ fún wa sọ, bàbá sì ti ń mú àwọn mìíì wọlé. Ibòmíì tá a tún yà, iná lọ, ẹni tó ń mú wa kiri tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀, ó ń gbé e láti gíláàsì kan dé òmíràn, ibi tí iná bá mọ nìkan lẹ lè rí. Mi ò ní kí wọ́n wá tú èéfín ní Kánò. Ohùn àwọn bàbá yìí ni kí wọ́n gbà sílẹ̀, ní Hausa, ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ kóòdù QR mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, kéèyàn fi fóònù ara ẹ̀ gbọ́ ọ. Ìyẹn ò dúró de NEPA. Kí wọ́n sì gbé e jáde lọ sí ọjà Wúsè, sí ibùdókọ̀, níbi táwa èèyàn ti ń jókòó dúró de nǹkan.

Torí nígbà tá à ń bọ̀, à ń dúró de reluwé ní Kàdúná, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣí Digital Benin lórí fóònù, ìyẹn ojú ìwé tí wọ́n kó àwòrán àwọn nǹkan tí wọ́n kó lọ ní Benin ní 1897 sí, ó lé ní 5,000, láti mùsíọ́mù tó lé ní 130 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 20. Màmá kan tó jókòó tì wá na ọrùn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé tiwa nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, Jámánì tiẹ̀ ti kó nǹkan bí 20 padà wá sí Àbújá ní 2022. Ó gba fóònù, ó fi ìka méjì fẹ ojú ère kan títí ó fi kún síkírìnì, ó ní, "Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹ̀." Wọ́n ti ń pè wá ká máa wọlé, kò dá fóònù padà, ó ní kí n kọ́kọ́ fi línkì yẹn sí Wásáàpù òun, òun fẹ́ fi han àwọn ọmọ Sunday school òun.