Kí Ẹ Tó Bu Omi sí Tòmátì Tó Sorí Kọ́

Tòmátì ogún ìdí ni mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó wọ ọdún 2017. Mẹ́fà péré ló kù. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù kú lójú mi, omi tí mo sì fi ń gbìyànjú láti gbà wọ́n là wà lára ohun tó pa wọ́n.

Ọdún 2016 ni mo pinnu pé mo fẹ́ gbin nǹkan ọbẹ̀ fúnra mi. Ẹ ó rántí pé ọdún yẹn ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ya bo oko tòmátì lókè Ọya, ní Kàdúná, Kánò àti agbègbè wọn. Mo dúró níwájú ìsọ̀ kan lọ́jà, wọ́n pe iye owó abọ́ kékeré kan fún mi, mo sì yíjú padà láì ra nǹkan kan. Nígbà tí oṣù kọkànlá dé, mo fọ́n irúgbìn. Nígbà tó di oṣù kejì, wọ́n ti ń so.

Ẹni tó bá mọ Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé orí àpáta la wà. Àpáta Olósùnta ń wò wá lókè, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi, tí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ọkọ́ á ti kan òkúta. Òkúta yìí á gba oòrùn látàárọ̀, ilẹ̀ á ṣú tán, ooru á ṣì máa jáde lára rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo ti iléèwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo bá mẹ́ta nínú tòmátì mi tí wọ́n sorí kọ́, mo ní òùngbẹ ni. Mo bu odindi korobá omi kan sí wọn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣì sorí kọ́, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀ láìpọ́n rárá. Mo tún bu omi. Lọ́jọ́ kẹta, méjì mìíràn tẹ̀ lé wọn, mo sì tún bu omi sí i.

Bàbá kan ní àdúgbò wa, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ló gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá. Ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ yìí kí ẹ tó bomi sí i?” Mo ní, “Rárá, sà.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọlẹ̀, ilẹ̀ rin gbindin. Ó fa ìdí kan tu, ó gé igi rẹ̀ nítòsí gbòǹgbò, ó ní kí n bu omi tó mọ́ sínú ife gíláàsì wá. Ó fi ojú ibi tó gé náà kan omi, ó sì dì í mú láìmì. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun bí omi ògì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ látinú igi náà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Àrùn inú ilẹ̀ ni. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Omi tí mo ń bù tí ó ń ṣàn láti ìdí kan dé èkejì ló ń bá mi pín in kiri.

Ohun tí bàbá yẹn sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ má fi ojú ọ̀sán dájọ́ ewéko. Ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kí oòrùn tó yọ. Èyí tó sorí kọ́ lọ́sàn-án tó sì nàró láàárọ̀, oòrùn ló ń bá jà, ẹ wá ibòji fún un. Èyí tó ṣì sorí kọ́ láàárọ̀ tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sì gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá sorí kọ́ láàárọ̀ tí ilẹ̀ sì tutù, gbòǹgbò tàbí igi rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ẹ hú u, ẹ dáná sun ún, ẹ má ṣe jù ú sórí ààtàn tí ẹ ó tún bù padà sí oko. Ẹ má sì gbin tòmátì, ata, igbá tí à ń jẹ tàbí ẹ̀fọ́ odù síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àrùn yìí mọ gbogbo wọn.

Ní ti ibòji, imọ̀ ọ̀pẹ tí mo gbé lé orí igi mẹ́rin ló ń ṣe é fún mi. Abẹ́ rẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ mi ti ń dàgbà títí wọn yóò fi lágbára. Mo sì ń fi koríko gbígbẹ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ìdí gbogbo ohun tí mo bá gbìn. Kànga wa máa ń lọ sílẹ̀ gan-an lóṣù kejì, nítorí náà mi ò lè máa bomi rin wọ́n lójoojúmọ́. Látìgbà tí mo ti ń bo ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjì ti tó wọn, àárọ̀ sì ni, ìdí ni mo ń bu omi sí, n kì í bù ú sórí ewé.

Ewédú tó ń kọ̀ láti hù ńkọ́? Ẹ di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi híhó, ẹ ka ení dé àrún, ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ọ́ sínú omi tútù. Èèpo rẹ̀ ló le.

Tata ló tún fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ọkàn mi kúrò níbẹ̀. Mò ń sọ nípa èyí tí ara rẹ̀ ní dúdú, òféèfèé àti pupa, tó máa ń rùn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń wọlé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jáde látinú ilẹ̀, dúdú, kéékèèké, wọn a kóra jọ pelemọ sórí ewé Akíntọ́lá lẹ́yìn ọgbà. Wọn ò tíì níyẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ní kùtùkùtù, òtútù ti mú wọn dákẹ́. Èmi àti àwọn ọmọ mi á gbé abọ́ omi ọṣẹ sábẹ́ wọn, a ó gbọn ewé náà, wọn a já sínú rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń tà ewúro nítòsí wa tún fi ohun tí mi ò mọ̀ hàn mí: bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ibòji níbi tí tata ńlá pọ̀ sí ni wọ́n ń yé sí. Ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà, kò jìn, ẹ ó rí ẹyin wọn nínú àpò tó dà bí ìfófòó ọṣẹ tó gbẹ. Ẹ jẹ́ kí oòrùn rí i, ó tán. Èyí tí a bá tú lọ́dún yìí kò ní jáde lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń há sábẹ́ ewé ilá, omi ọṣẹ dúdú tó ṣàn ni mo ń fọ́n sí i. Ewé dóńgóyárò tí mo gún, tí mo rẹ mọ́jú, tí mo sẹ́, ni mo ń fọ́n sí àwọn tó ń jẹ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, oòrùn tètè ń ba agbára rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọtapíapíà sí ẹ̀fọ́. Inú mi bà jẹ́ lọ́jọ́ tí mo rí ẹnì kan tó ń fọ́n ọn sórí tẹ̀tẹ̀ tó máa já lọ́jọ́ kejì fún àwọn ọmọ rẹ̀. Dichlorvos ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, májèlé tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá gidi ni, ìdí nìyẹn tí NAFDAC fi fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké lọ́dún 2019. Tẹ̀tẹ̀ tí kòkòrò jẹ ihò sí, ẹ gé ibẹ̀ dà nù, ẹ se ìyókù.

Ibi tí tòmátì mi kú sí, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mo ń gbìn síbẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún fi tòmátì mẹ́rin dán an wò. Àràárọ̀ ni mo ń lọ fọwọ́ kan ilẹ̀ ìdí wọn kí n tó wọṣọ iléèwé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló so.