Ẹsẹ̀ mi á fẹ́ sáré, mo mọ ara mi

Ká sòótọ́, tí ilẹ̀ bá mì níbi tí mo wà, ẹsẹ̀ mi á ti gbéra kí n tó ronú. Mo ti wo oríṣiríṣi fídíò ìmìtìtì ilẹ̀ tí kámẹ́rà inú ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì ká, ohun kan náà ni mò ń rí ṣáá, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kálukú á ya sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an sì ni gíláàsì àti bíríkì ti ń já bọ́ láti òkè. Àwọn míì ò tiẹ̀ débẹ̀ tí wọ́n fi ṣubú.

Ẹ má sáré jàre. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹlẹ̀ kí ilẹ̀ tó gbé yín ṣubú, ẹ rá wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, ẹ fọwọ́ kan bo orí àti ọrùn, kẹ́ ẹ fi ìkejì di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Dídì mú yẹn ò kọ́kọ́ yé mi, àfìgbà tí mo rí tábìlì kan tó rìn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri dé àárín yàrá! Tẹ́ ò bá dì í mú, á fi yín sílẹ̀ ní gbangba. Tí ò bá sí tábìlì, ẹ ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó jìnnà sí fèrèsé. Ti pé kéèyàn dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn.

Tó bá bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ẹ má dìde, ẹ dojú bolẹ̀, kẹ́ ẹ fi pílò bo orí. Aago 4:17 ìdájí ni ti Tọ́kì wáyé ní February 6, 2023, oorun ló ká ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ fi bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí gíláàsì fífọ́ nínú òkùnkùn, ẹsẹ̀ òfìfo ò lè gbà á. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ o, tábìlì ò lè gbani lọ́wọ́ ilé tí wọ́n kọ́ játijàti, ilé wíwó ló pa èèyàn jù níbẹ̀.

Tó bá dáwọ́ dúró, ẹ jáde, ẹ má wọ lífítì, ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè nínú ilé alájà, ẹ má ṣáná tẹ́ ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ sì má tètè padà wọlé. Ní Tọ́kì yẹn, ìwọ̀n agbára àkọ́kọ́ jẹ́ 7.8, kò ju bíi wákàtí 9 lọ tí òmíràn tó jẹ́ 7.5 tún fi dé.

Ibì kan ṣoṣo tí mo gbà kí ẹsẹ̀ ṣe bó ṣe fẹ́ ni etí òkun. Tí ilẹ̀ bá mì pẹ́, bíi 20 ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá ṣe ń dáwọ́ dúró báyìí, òkè ni kẹ́ ẹ forí lé torí omi òkun lè ya wọ ìlú tẹ̀ lé e, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni kó wá sọ fún yín. Ní erékùṣù Simeulue ní Indonesia, àwọn àgbà ti ń sọ ìtàn omi òkun tó ya wọ̀lú lọ́dún 1907 fáwọn ọmọ wọn, smong ni wọ́n ń pe irú omi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní December 26, 2004, ẹnì kan á pariwo smong, gbogbo àdúgbò á gba orí òkè lọ. Òkun gbá ilé wọn lọ, àwọn èèyàn sì ti wà lókè tí wọ́n ń wò ó.