Àyè orúkọ ọkọ tí mo sọ di dandan

Ẹ̀yin àbúrò mi, oṣù yìí ló pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kabba. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín, pàápàá ẹ̀yin tí mo bá lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ẹ tún ń tẹ "olórí ilé: ọkùnrin" sínú fọ́ọ̀mù àwọn àgbẹ̀.

Èkíní, ẹ má gbà pé iṣẹ́ ọkùnrin niṣẹ́ yìí. Obìnrin mẹ́fà ni wọ́n yàn ní Amẹ́ríkà ní 1945 láti kọ ètò fún ENIAC, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé. Betty Snyder àti Jean Jennings ló kọ èyí tí wọ́n fi ṣe àfihàn rẹ̀ fáyé ní 1946, síbẹ̀ wọn ò pè wọ́n síbi àsè alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń dùn mí títí dòní. Mo mọ iye ìpàdé tí wọ́n ti rán mi lọ ra omi fún àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́.

Èkejì ni fọ́ọ̀mù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní kí n kọ orúkọ àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí sílẹ̀, kí owó ẹ̀yáwó lè máa bá wọn lórí fóònù. Mo fi àyè orúkọ ọkọ síbẹ̀, mo fi nọ́ńbà ọkọ tì í, mo sọ méjèèjì di dandan. Kò sẹ́ni tó rán mi. Obìnrin ni mí, èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀.

Màmá kan dé láti Ìjùmú, gbágùúdá ṣì funfun ní èékánná wọn. "Okun o, ọmọ mi." Mo béèrè orúkọ ọkọ. Wọ́n ní ó ti kú. Mo fo àyè náà, kọ̀ǹpútà kọ̀. Èrò tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn wọn. Mo ní kí wọ́n mú orúkọ àti nọ́ńbà ọmọkùnrin wọn wá. Wọ́n wò mí fúngbà díẹ̀, wọ́n tú ìwé pélébé kan ní etí ìró, wọ́n ka nọ́ńbà náà fún mi.

Ọmọ náà gba owó ní Lọ́kọ́ja, ó ná an tán. Nígbà tí ó tó àtisan, orúkọ màmá ni wọ́n pè láàárín ẹgbẹ́. Màmá fi oko kajú wọn dógò lọ́wọ́ ẹnìkan, kí wọ́n lè rówó san gbèsè náà.

Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, ṣé mi ò lórúkọ tèmi ni?"

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pa àyè méjèèjì rẹ́. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oko náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó yá wọn lówó.