Ẹ Má Tètè Dáhùn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé lóṣù kẹta ọdún 2020 nítorí kòrónà, mo dá gúrúùpù ìṣirò kan sílẹ̀ lórí WhatsApp láti Adó-Èkìtì. Èèyàn 256 ni WhatsApp ń gbà nígbà náà. Kò pẹ́ tó fi kún, mo bá kó wa lọ sórí Telegram, tó lè gba 200,000. Mo rò pé bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀kọ́ á ṣe pọ̀ tó.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni mẹ́wàá ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń wò. Ojú ń ti ọmọ láti béèrè ohun tí kò yé e láàárín èrò. Tẹ́nì kan bá sì béèrè, èmi ni mo máa ń sáré dáhùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fi x² – 5x + 6 = 0 síbẹ̀, fóònù mi kú, kò sí iná. Ìgbà tí mo tàn án láàárọ̀, ọmọkùnrin kan ti ní –2 àti –3 ni ìdáhùn. Ọmọbìnrin kan ní Ìkọ̀lé gba ohùn sílẹ̀ fún un, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń gúnyán lẹ́yìn rẹ̀: "Fi –2 sípò x kó o wò ó. 4, ro 10 mọ́ ọn, tún ro 6 mọ́ ọn, 20 ni. Òdo ni wọ́n sì ní kó jẹ́. Ó yá, fi 2 síbẹ̀." Ọmọ náà ya fọ́tò ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, ó ti fi bírò pupa fagi lé ti àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn yẹn. Àlàyé tèmi ì bá má dáa tó o.

Látọjọ́ náà, mo máa ń dúró ná. Mo pín wọn ní mẹ́jọ mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá ta kókó ni wọ́n ń gbé síta. Ẹni tó bá béèrè á ya ibi tó bá iṣẹ́ dé. Ẹ má pa àṣìṣe rẹ́, ẹ jẹ́ kí àtúnṣe wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ dín fídíò kù, dátà wọ́n.

Lọ́dún 2008, àwọn olùkọ́ méjì kan, George Siemens àti Stephen Downes, ṣe kíláàsì kan ní Kánádà: akẹ́kọ̀ọ́ 25 ló sanwó, àwọn tó lé ní 2,000 dara pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kálukú ń kọ èrò rẹ̀ síbi tó wù ú, wọ́n wá ń ṣà á jọ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Mo kọ́ ìyẹn lára wọn. Lálẹ́ Sátidé, mo máa ń kó àlàyé mẹ́ta tó dáa jù jọ, pẹ̀lú ìlú ẹni tó ṣe é: Ìkọ̀lé, Ìjerò, Òmùò. Àwọn ọmọ kì í sùn títí wọ́n á fi mọ̀ bóyá ìlú wọn wọlé.