Àtàǹpàkò amọ̀kòkò

Ẹ̀yin tèmi, ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí ò tíì kúrò lójú mi.

Níbi iṣẹ́ wa ní Róòmù níbí, ọ̀gá mi gbé àpáàdì kan lé mi lọ́wọ́: etí ìṣà òróró ólífì ayé àtijọ́ ni, ibi tí wọ́n ti ń di ìṣà náà mú. Monte Testaccio ló ti wá. Tẹ́ ẹ bá rí ibẹ̀, ẹ ó pè é ní òkè lásán, koríko ti bò ó. Àpáàdì ni o! Ó ga tó mítà 35. Gúúsù Sípéènì ni ọ̀pọ̀ ìṣà náà ti wá, ìkọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bíi lítà 70. Tí òróró inú rẹ̀ bá ti tán, èyí tó ti wọ ara amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ bá ń fọ́ ọ dànù síbẹ̀.

Òǹtẹ̀ ara ìṣà ni ìwádìí mi dá lé. (Màmá mi ṣì ń bi mí pé ṣé torí àpáàdì ni mo ṣe wọ bàálù.) Mo wá òǹtẹ̀ títí, n ò rí i. Mo yí i padà, àfi ojú àtàǹpàkò ẹnì kan, níbi tó ti tẹ amọ̀ tútù kó lè lẹ̀. Ilà ìka rẹ̀ ṣì hàn kedere, lẹ́yìn nǹkan bí 1,800 ọdún.

N ò mọ ìgbà tí mo gbé àtàǹpàkò tèmi lé e. Ó kéré sí tèmi. Àbí ọmọdé ni?

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti rí ojú ọwọ́ amọ̀kòkò lára ìkòkò rí?